Igi Ìdáná Kì Í Ṣe Adé: Ẹ Gbé E Sínú Ọkọ̀!

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́, ìjà ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí inú bá bí, kó mú bírò, kó fèsì nínú ìwé wa tó ń bọ̀. Ààyè wà.

Ohun tó fa ìjà náà nìyí. Ó ṣòro kí a tó gbé ìwé yìí jáde kí a má rí ewì kan, ó kéré tán, lórí obìnrin tó ru igi ìdáná. Ẹ mọ irú ewì tí mò ń sọ. Oòrùn ń wọ̀, ìyá ń bọ̀ láti oko, ẹrù igi wà lórí, ọmọ wà lẹ́yìn, ọrùn gùn bíi ti lékelèké, ó ń rìn bí ẹni pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìnira. Akéwì á ní igi náà dà bí adé lórí ọbabìnrin. Àwa náà á pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé, a ó ní, "Ó dùn jàre, ó kún fún àṣà!" Ìpàdé á tú, ebi á ti máa pa wá, a ó kọrí sí ọ̀dọ̀ olóúnjẹ tó fi irú igi yẹn gan-an dáná.

Èmi ò ní í pàtẹ́wọ́. Igi ìdáná kì í ṣe adé. Ṣebí gbogbo wa la mọ bí adé ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá? Bí ọba bá wàjà lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, àwọn ọkùnrin mẹ́wàá ti ń du adé, wọ́n ti gba lọ́yà. Bó bá jẹ́ adé ni igi ìdáná lóòótọ́, kí ló dé tí ọkùnrin kankan ò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù?

Ẹrù ni igi. Ẹrù sì ní ibi tí à ń gbé e sí láyé ìsinsìnyí, ìyẹn inú ọkọ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò ju báyìí lọ: níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti ń wọ oko, tó ń kó kòkó, tó ń kó iṣu, tó ń kó pákó, tí igi ìdáná sì wà lórí obìnrin àti ọmọdé síbẹ̀, ìyà ni, kì í ṣe àṣà. Àwa tí a sì ń fi ìyà náà kọ ewì aládùn, à ń bá wọn pọ́n ọn ni.

ỌKỌ̀ WÀ O

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí ọkọ̀ lábúlé. Ọkọ̀ ti wọ oko wa tipẹ́. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè nípa pikọ́ọ̀pù 504. Ẹrẹ̀ ò dí i lọ́wọ́, òkúta ò dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hilux dé. Ọ̀kadà wá, ó ń gba ojú ọ̀nà tí ewúrẹ́ gan-an á rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní bọ́dì ẹrù lẹ́yìn náà ti wà káàkiri.

Ẹ lọ sí àwọn àbà kòkó ní ìhà Oǹdó tàbí ìhà Ifẹ̀ nígbà tí kòkó bá gbó. Àpò kòkó kan lé ní 60 kílò. Ẹ ò ní rí ọkùnrin kan tó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ru àpò yìí lọ bá oníkòkó nílùú." Rárá o! Wọ́n á pe ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá tètè dé, wọ́n á dúró dè é. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, gbogbo àbà á jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì láti tún un ṣe. Kí ló dé? Kòkó lówó lórí ni. Ní 2024, owó kòkó fò sókè lágbàáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là kó tó tún wálẹ̀. Ta ló máa fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sórí èèyàn?

Ṣùgbọ́n igi ìdáná tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àwọn tó ń ká kòkó yẹn ńkọ́? Orí. Omi tí wọ́n fi ń po oògùn kòkó ńkọ́? Orí. Ẹ wo ojú ọ̀nà oko nírọ̀lẹ́. Pikọ́ọ̀pù ń bọ̀ láti oko, iṣu bíi ogún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, ìdajì bọ́dì ṣófo gbáú. Àwọn obìnrin mẹ́fà ń lọ níwájú, igi lórí. Ẹ mọ ohun tí dírẹ́bà máa ń ṣe? Á tẹ họ́ọ̀nù kí wọ́n yà fún òun. Wọ́n á yà sínú koríko pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n á tún kí i, "Ẹ kú ọ̀nà o, sà!" Ekuru á bò wọ́n. Nínú gbogbo ewì tí a ti kọ, ta ló ti kọ họ́ọ̀nù yẹn sínú tiẹ̀ rí?

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ

Àwọn kan á ní epo ti wọ́n. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ojú gbogbo wa ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ọ.

Ká ní ẹrù igi kan wúwo tó 25 kílò. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan nìyẹn, àwọn tó ń ru jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà. Pikọ́ọ̀pù tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 1,000 kílò, á kó ẹrù igi 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká wá ní oko fi kìlómítà 4 jìnnà sílé. Kí obìnrin kan tó ru ẹrù 40 délé, á lọ nígbà 40, á bọ̀ nígbà 40. Kìlómítà 320 nìyẹn. Láti Ìbàdàn dé Èkó kò ju bíi kìlómítà 130 lọ. Ìyẹn ni pé ó ti fẹsẹ̀ rìn láti Ìbàdàn dé Èkó, ó padà sí Ìbàdàn, ó tún ti kọrí sí Èkó, ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì ọ̀nà. Ìdajì gbogbo ìrìn yẹn, ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì wà lórí rẹ̀.

Pikọ́ọ̀pù ńkọ́? Kìlómítà 8 péré, àlọ àti àbọ̀. Ká ní ọ̀nà burú, kó mu lítà 2. Ká fi lítà kan sí 1,000 náírà. 2,000 náírà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 40. 50 náírà ló kan ẹrù igi kọ̀ọ̀kan! Kódà kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, kí dírẹ́bà náà rí nǹkan mú sápò, 150 náírà ni.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé owó epo ni. Pikọ́ọ̀pù ń mu epo, ọ̀kadà ń mu epo, ọrùn obìnrin kì í mu epo. Òun nìkan ni ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ra ọ́ìlì fún, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á ní àgbà ló dé sí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó.

OMI LÓ Ń RÙ, KÌ Í ṢE IGI

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akéwì kì í kọbi ara sí. Igi tútù, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Igi tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í tó ìdá 20 nínú 100. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ? Obìnrin tó ru 25 kílò igi tútù láti oko, ó lè jẹ́ pé omi tó lé ní kílò 10 ló ń rù gba inú oòrùn lọ sílé, kó lè wá fi iná lé e jáde lẹ́nu ààrò pẹ̀lú èéfín àti omijé.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ kó gbẹ kó tó rù ú? Ẹni tó ń fi orí kó igi kò lè kó o pa mọ́. Èyí tó bá rù lónìí ni yóò dá lọ́la àti ọ̀túnla. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó tutù náà ló máa gbé, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ bá ti ń kó o, wọ́n lè gé igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n là á, kí wọ́n tò ó sínú oko kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí wọ́n wá fi ọkọ̀ kó èyí tó gbẹ wálé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tò ó sábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé. Ẹrù á fúyẹ́, iná á jó geere, èéfín á dín kù.

Èéfín yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020 nìkan. Ìyá tí a ń fi ewì yìn pé ojú rẹ̀ ń dán bí ìràwọ̀, ẹ lọ wo ojú náà dáadáa. Èéfín ló sọ ọ́ di pupa.

Tí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ abúlé lásán ni, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Gàrí tó wà níbẹ̀, orí iná igi ni wọ́n ti yan án kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀lùbọ́ tí màmá yín dì fún yín, iná igi ni wọ́n fi bọ iṣu rẹ̀ kí wọ́n tó sá a. Irú tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí ló lò lórí iná kó tó rọ̀. Epo pupa ńkọ́? Iná igi náà ni. Kò sí ẹni tó jẹun lọ́gbà yìí tí kò jẹ nínú igi tí obìnrin kan fi orí rù. Oúnjẹ wa ni wọ́n ń rù, kì í ṣe ewì wa.

ÀWỌN TÓ MÁA BÁ MI JIYÀN

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní: "Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi, igbó á tán." Àríyànjiyàn yìí lágbára, mi ò ní í fojú di í. A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ògùn, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń kó èédú jáde lóru àti lọ́sàn-án, tí igi ẹmi àti igi ayìn sì ń wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: àwọn oníṣòwò èédú ló ń fi ọkọ̀ pa igbó, obìnrin tó ń dáná oúnjẹ ilé kọ́. Ṣé torí pé olè ń fi ọ̀kadà jalè ni ká ṣe ní kí aláboyún máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́sibítù? Ohun tó tọ́ ni pé kí abúlé ṣòfin igi tí ọkọ̀ lè kó. Ẹ̀ka kòkó tí a gé dànù, igi tó ti kú fúnra rẹ̀, mẹ́línà tí a gbìn, àgúnmániyè tó jẹ́ pé bí ẹ bá gé e lónìí, á tún hù. Kì í ṣe ẹmi, kì í ṣe igbá, kì í ṣe ìrókò. Wangari Maathai ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà dá Green Belt Movement sílẹ̀ ní 1977 nígbà tí àwọn obìnrin abúlé ń ráhùn pé igi ìdáná ti jìnnà, odò sì ń gbẹ. Kò kọ ewì yìn wọ́n pé wọ́n mọ̀ ọ́n rìn. Ó ní kí wọ́n gbin igi, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004. Ẹ gbin igi sẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀, ẹ fi ọkọ̀ kó o. Méjèèjì ò ta kora.

Èkejì: "Àwọn obìnrin fúnra wọn ò ráhùn. Ojú ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọrin." Ẹ̀yin ará, ẹlẹ́wọ̀n náà ń kọrin. Ta ni wọ́n fẹ́ ráhùn fún? Ṣé dírẹ́bà tó ń tẹ họ́ọ̀nù ni? Ẹ gbé igi kúrò lórí wọn ná, kí ẹ wá wò ó bóyá wọn ò ní rí ibòmíràn jókòó sí sọ̀rọ̀. Obìnrin ò nílò 25 kílò lórí kó tó lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta: "Kí wọ́n kúkú máa lo gáàsì." Ọ̀rọ̀ dára. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílùú gan-an, ẹni mélòó nínú wa ló ń rówó kún sílíńdà rẹ̀ nígbà tó bá tán? Ilé tó ju ìdajì lọ ní Nàìjíríà ṣì ń fi igi dáná. Títí gáàsì á fi dé àbà, ṣé orí náà ni á máa ru igi lọ? Ẹni tó ní ká dúró de gáàsì, òun ò ru nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi lè dúró.

Ẹ̀kẹrin, tàwọn olówó ọkọ̀: "Igi á ba ọkọ̀ mi jẹ́." Kò ní í bà á jẹ́ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tò. Ẹ gé igi ní ìwọ̀n kan náà. Kí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀, kó sì sún mọ́ ẹ̀yìn dírẹ́bà, kó má lọ kórí jọ sí ìdí ọkọ̀ níbi tí á ti gbé iwájú ọkọ̀ nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ẹ̀gbẹ́ bọ́dì lọ. Ẹ fi rópù dì í gbọn-in. Ẹ fi igi gbọn abẹ́ òkìtì wò kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí ejò àti àkekèé. Kí ọkọ̀ má yára lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí igi náà, àgàgà ọmọdé. Bí ọkọ̀ bá ta, igi á tẹ̀lé e. Bí ẹ bá lè ko pákó láti oko láìsí pé ọkọ̀ bàjẹ́, ẹ ò ní kú bí ẹ bá ko igi ìdáná.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Ó kàn wá gan-an ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wá láti ilé tí ọkọ̀ oko wà, ọkọ̀ bàbá, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá, tàbí ọ̀kadà àbúrò. Bí sẹ̀mẹ́sítà bá parí, tí ẹ bá délé, tí wọ́n ti pa adìẹ fún yín pé "ọmọ wa ti yunifásítì dé," ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n á gbọ́ yín. Ẹ ṣàlàyé ìṣirò yìí fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù fún igi, kí gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà kan náà dá owó epo, kí ọkùnrin là á, kí ọkùnrin gbé e sókè, kí ọkọ̀ kó o wálé. Ibi tí pikọ́ọ̀pù ò bá lè dé, kí ọ̀kadà tó máa ń gbé àpò kòkó gbé igi náà. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin tó ń ru igi kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ tó ti fi òwúrọ̀ ru igi, orun ló máa ń sùn ní kíláàsì. Ẹni bíi tiwa ni, tó yẹ kó wà lọ́gbà yìí lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ọrùn ti gba ibi tí orí yẹ kó gbà.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, mi ò ní kí ẹ má kọ̀wé nípa obìnrin tó ru igi mọ́. Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé. Ẹ kọ iye kílò rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí òṣùká ti pa irun àárín orí rẹ̀ run. Ẹ kọ bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú kó tó lè dìde lórí àpótí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ tó kọjá lára rẹ̀, bí ẹ bá láyà. Bí ewì yín bá sì dùn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ mú un wá síbí, màá fọwọ́ mi méjèèjì pàtẹ́wọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní la fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. A ní ọkọ̀. Ẹ yé fi ọrùn ìyá wa ṣe ọ̀ṣọ́.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kọ́kọ́ lọ ru ẹrù igi kan láti géètì dé họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó tó wá fèsì.